Aró tàbí ìyeyè? Àwọ̀ méjì, yàrá kan ṣoṣo, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ọmọ Wandò (Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi ti ń fà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i.

A ń tún yàrá kan ṣe nílé wa ní Wandò. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ìbú rẹ̀ mítà 3, láti ilẹ̀ dé àjà sì jẹ́ mítà 2.8. Fèrèsé méjì ló ní, méjèèjì ló kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì dídán lásán. Ó ti pé ọdún kan tí bíríkìlà ti rẹ́ ògiri rẹ̀, a ò sì tíì fi nǹkan kan kùn ún.

Aró ni mo fẹ́, aró tó jinlẹ̀, tó dà bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ tán. Mo rí i lára ògiri ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Kútọnu, láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ọkọ mi ní ìyeyè lòun fẹ́, pupa rúsúrúsú bíi ti àwọn ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìgboro, tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé kọ́. Ó ní yàrá aró á dà bí ihò. Èmi náà ní ìyeyè á máa gún mi lójú tí oòrùn ọ̀sán bá ti yí wọlé.

Ẹni tó bá ti kun ọ̀kan nínú méjèèjì rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí fún wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kunlékunlé ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì Jàsín (Ọjọ́ Ajé, 8:30 àárọ̀)

Àbúrò mi, má fi aró kun yàrá o! Mo fi kun pálọ̀ mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní oṣù àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó wọlé tí kò yìn ín. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku jókòó sára ògiri bí ẹni pé wọ́n gbọn èlùbọ́ sí i. Àwọn ọmọ fi ọwọ́ ọlọ́ràá kàn án, gbogbo rẹ̀ hàn. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ nù ún, ojú ibi tí mo nù wá ń dán ju ìyókù lọ, ó di alábàwọ́n. Yàrá náà tún móoru, torí pé ohun dúdú ló ń fa oòrùn mọ́ra, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fi ọ̀dà funfun bò ó kí ojú aró tó pa rẹ́. Owó tí mo fi yọ ọ́ kúrò ju owó tí mo fi kùn ún lọ. Ọkọ rẹ ló tọ̀nà.

Tísà Kétu (Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀)

Ẹ kú ilé o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má bínú, èmi ò gbà pẹ̀lú yín.

Kétu ni mò ń gbé, ẹ sì mọ bí erùpẹ̀ wa ṣe pupa tó. Ìyeyè ni mo kọ́kọ́ fi kun yàrá mi. Kó tó pé ọdún kan, ìsàlẹ̀ ògiri ti dà bí ohun tí wọ́n fi osùn pa. Bí ọ̀kadà bá kọjá níwájú ilé, eruku pupa á wọlé, ara ìyeyè ló sì máa ń lẹ̀ mọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí aró, ó di ọdún kẹrin báyìí, n ò tún un ṣe. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, tí orí mi kún fún ariwo ọmọdé, mo kàn wọ yàrá náà, gbogbo ara mi á wálẹ̀.

Pálọ̀ yàtọ̀ sí yàrá ìsùn. Èèyàn tó fẹ́ sùn, kí ló fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ ṣe? Ẹ kùn ún ní aró, àǹtí mi.

Kunlékunlé Àjàrá (Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 22 ni mo ti ń kunlé ní Àjàṣẹ́ àti Àjàrá. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe kó tó jìnnà.

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, àwọ̀ inú ilé kọ́ ló mú kí pálọ̀ yín móoru. Páànù orí ilé àti ògiri ìta tí oòrùn ń lù ló ń kó ooru wọlé. Tí ẹ bá fi dúdú kun ìta, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Nínú ilé, ìyàtọ̀ tí àwọ̀ ń ṣe sí ooru kéré, torí pé oòrùn tó bá ti gba fèrèsé kọjá ti wọlé ná. Aṣọ ojú fèrèsé tó nípọn tàbí igi tí ẹ gbìn síwájú fèrèsé ló lè dín in kù. Ẹ̀ẹ̀kejì, àbàwọ́n tí ẹ ní ó dán lẹ́yìn tí ẹ nù ún, irú ọ̀dà tí ẹ lò ló fà á. Ẹ wo ara àgbá rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ «mat» sí, ìyẹn tí kì í dán, kì í fẹ́ kí wọ́n fi omi àti kànìnkànìn fà á. Èyí tí wọ́n kọ «satiné» sí ṣeé nù, ṣùgbọ́n ó máa ń dán díẹ̀, gbogbo ibi tí bíríkìlà kò ti rẹ́ ògiri dáadáa ló sì máa ń tú fó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀ méjèèjì. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń wọn bí àwọ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, láti 0 dé 100. Dúdú kirikiri ni 0, funfun báláú ni 100. Ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tó bíi 70. Aró tó jinlẹ̀ kì í sábà dé 10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú yàrá aró, gílóòbù kan tó ti tó yín tẹ́lẹ̀ kò ní tó mọ́. Ẹ máa fi méjì tàbí mẹ́ta sí i, tàbí kí ẹ fi àwọn tó lágbára sí i.

Fèrèsé yín kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé á jẹ́ òjìji lásán, aró á wúwo, ìyeyè á tutù lójú. Láti bíi aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn á wọlé tààrà, á sì máa pọ́n bó ṣe ń sún mọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni aró á lẹ́wà jù. Ìgbà yẹn náà ni ìyeyè tó mú gan-an lè dà bí iná. Nítorí náà, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́, àkókò tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ má yan àwọ̀ lórí káàdì kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rí ilé tí wọ́n tún kùn lẹ́yìn ọjọ́ méjì nítorí káàdì yẹn. Ẹ ra ọ̀dà tó kéré jù nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá páálí méjì tó tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ kùn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dé ọjọ́ kejì, torí pé ọ̀dà tútù àti ọ̀dà gbígbẹ kì í jọ ara wọn. Ẹ gbé ọ̀kan sí ògiri yìí, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí ògiri tó dojú kọ fèrèsé, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, àti lálẹ́ pẹ̀lú iná. Ẹ má gbé méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ìyeyè máa ń mú kí aró dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, aró náà á sì mú kí ìyeyè máa kígbe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò wọ́n.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ nípa ìyeyè. Tó bá wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ògiri kọ̀ọ̀kan á máa tan àwọ̀ rẹ̀ sára èkejì, á wá le ju ti páálí lọ. Èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tó wù yín lọ ni kí ẹ rà.

Ìyá Ìbejì Jàsín (Ọjọ́ Ajé, 2:20 ọ̀sán)

Ọ̀gá mi, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ «mat» yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ẹni tó kùn ún fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ooru, mo jókòó nínú pálọ̀ yẹn fún ọdún méjì, mo mọ ohun tí mo rí.

Ọmọ Àgùdà (Ọjọ́ Ajé, 6:47 ìrọ̀lẹ́)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyeyè ilé Àgùdà tí ọkọ yín ń wò, torí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ọjà ńlá.

Ìyeyè tó wà lára àwọn ilé wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀dà inú àgbá tí à ń rà lónìí. Ẹrùpẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ nínú ògiri wọn, ọ̀dà ẹfun tí wọ́n ń pè ní «chaux» ní Faransé ni wọ́n sì fi kùn wọ́n, wọ́n po ìyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dà ẹfun kì í dán, ojú rẹ̀ kì í dọ́gba. Ibì kan á fẹ́ẹ́rẹ́, ibì kan á jin. Oòrùn àti òjò ọdún gbọọrọ ló sì sọ ọ́ di ohun tó rọ̀ lójú bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo iwájú mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà Mùsùlùmí kọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia ní Brazil. Tí ẹ bá ra ìyeyè nínú àgbá tí ẹ sì retí irú àwọ̀ wọ̀nyẹn, ó máa já yín kulẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́ọ̀dà fi funfun là á, kó sì kán pupa ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìyẹn ló súnmọ́ ọn jù.

Fún ẹni yòówù tó ń ka èyí tó ní ilé ẹrùpẹ̀ àtijọ́: ẹ má fi ọ̀dà oníròbà bo ògiri rẹ̀. Ògiri ẹrùpẹ̀ ń mí. Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ sún mọ́ ọ̀sà, omi máa ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀. Tí ọ̀dà bá dí ojú rẹ̀, omi náà á há sínú, ògiri á sì máa wú, á máa já lulẹ̀. Ohun tó ba yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ nìyẹn. Ọ̀dà ẹfun ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá sì ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, ẹ fi omi rẹ ẹ́ kí ẹ tó ha á, kí ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, torí pé òjé wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀dà olóròóró ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ṣe ọmọdé ní jàǹbá.

Kunlékunlé Àjàrá (Ọjọ́ Ajé, 7:10 alẹ́)

Ọmọ Àgùdà, ọ̀rọ̀ yín pé. Ó kàn jẹ́ pé ògiri ti Ọmọ Wandò jẹ́ bíríkì àti sìmẹ́ńtì, ó sì ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti rẹ́ ẹ. Ọ̀dà olómi bá a mu. Sìmẹ́ńtì tuntun ló yẹ kí wọ́n dúró dè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán kí wọ́n tó kùn ún.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ti sọ̀rọ̀ eruku, ẹ ti sọ̀rọ̀ ooru, ẹ ti sọ̀rọ̀ Àgùdà. Ọmọ Wandò, ta ló máa sùn nínú yàrá náà?

Ọmọ Wandò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:58 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì wa. Màmá mi ni. Ọmọ ọdún 76 ni wọ́n. Kétu ni wọ́n wà báyìí, àwọn àbúrò mi ti ṣí kúrò nílé, a ò sì fẹ́ kí wọ́n dá gbé mọ́. Ara wọn le, ojú wọn ló ń dà wọ́n láàmú. Ohun funfun kan bo ẹyin ojú wọn méjèèjì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún ní ọdún tó kọjá, wọ́n pààrọ̀ awò inú rẹ̀. Ti òsì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń dìde lóru lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí n sọ òtítọ́, n ò rò ó pé ọ̀rọ̀ ojú wọn kan ọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán)

Ó kàn án gidigidi, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí pé màmá tèmi náà ṣubú nínú yàrá tí àwa ọmọ rẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún un pẹ̀lú ìfẹ́, láìbi í léèrè ohun tó ń rí.

Awò inú ojú wa máa ń pọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, ó máa ń dà bí gíláàsì tí èéfín ti bò. Àwọ̀ búlúù, aró àti ohun tó bá sún mọ́ wọn ló kọ́kọ́ máa ń sú mọ́ àgbàlagbà lójú. Ohun tí ẹ̀yin rí bí aró, àgbàlagbà lè rí i bíi dúdú lásán. Ẹ̀yin rí i pé aṣọ yìí jẹ́ búlúù, tọ̀hún jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n lè sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Àgbàlagbà tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ kó tó lè ríran dáadáa. Ẹ wá rò ó wò: yàrá tí ògiri rẹ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń wá ìmọ́lẹ̀.

Ojú ọ̀tún tí wọ́n ti pààrọ̀ awò rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá ṣe é fún máa ń sọ pé búlúù ti padà bọ̀. Ẹ ṣe èyí tí wọ́n bá dé: ẹ fi páálí aró síwájú wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n tún bo ti òsì, kí wọ́n wò ó. Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ má bá wọn sọ ọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún wọn ni ìyàtọ̀ láàárín ohun kan àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Ibi tí wọ́n ti ń tan iná gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Ẹsẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Etí ibùsùn náà. Yàrá tí màmá tèmi ṣubú sí, funfun ni ògiri, funfun ni ilẹ̀kùn, funfun ni táìlì ilẹ̀. Ó rẹwà bí ìkùukùu. Wọ́n fi ọwọ́ tá ògiri títí, wọn ò rí ojú ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣubú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní «funfun ló dára jù fún àgbàlagbà» kò tíì sọ ọ́ tán.

Ẹ má sì lo ọ̀dà tó ń dán lára ògiri tó dojú kọ fèrèsé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á máa kọ mànà lára rẹ̀, ojú tó ní ohun funfun nínú kì í fara da ìyẹn rárá.

Tísà Kétu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán)

Mo ti ní kí wọ́n kùn ún ní aró láìbéèrè ẹni tó máa sùn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà fún yàrá yìí. Ọmọ ọdún 41 ni mí, ojú mi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yàn fún mi ohun tí mo lè rí.

Àǹtí, ṣé ẹ ti bi màmá léèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́?

Ọmọ Wandò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:35 ọ̀sán)

Rárá. A fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni.

Akọ́lé Kútọnu (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:03 ìrọ̀lẹ́)

Ó rọrùn. Ẹ pín ògiri sí méjì. Ẹ fi aró kun ìsàlẹ̀ títí dé mítà kan, kí ẹ fi ìyeyè kun òkè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé ìwé àti nílé ìwòsàn. Aró á gba ìdọ̀tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìyeyè á mú ìmọ́lẹ̀ wá. Ọkọ rí tirẹ̀, ìyàwó rí tirẹ̀.

Kunlékunlé Àjàrá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì dára ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn púpọ̀ ń gbà. Nínú yàrá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3, n ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gé ògiri sí méjì, yàrá á dà bí èyí tó kúrú. Ìsàlẹ̀ ògiri ni ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ sì máa ń wò jù, nítorí náà aró ni màmá máa rí láti orí ibùsùn.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:11 alẹ́)

Mo fara mọ́ ọn. Tí àga tàbí àpótí dúdú bá sì wà níwájú aró ìsàlẹ̀ yẹn, wọn ò ní rí i kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n Akọ́lé, ohun kan wà nínú èrò yín tó wúlò: a ò ní láti ju ọ̀kan nù nínú àwọ̀ méjèèjì. Ibi tí a máa fi aró sí ló kù kí a wá.

Ọmọ Wandò (Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan o. Mo fẹ́ kí n parí rẹ̀ dáadáa kí n tó padà wá síbí. Àbúrò mi mú màmá gba Pọbẹ̀ wá láti Kétu lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á padà lọ́la.

Páálí mẹ́ta ni mo kùn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wa ní Àjàrá ṣe wí: aró, ìyeyè gidi, àti ìyeyè tí ọlọ́ọ̀dà fi funfun là tó sì kán pupa ilẹ̀ sí. Ọjọ́ Ẹtì lálẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé aró sí ògiri, pẹ̀lú gílóòbù kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá. N ò sọ nǹkan kan. Màmá wọlé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, «Ta ló kú tí ẹ fi aṣọ dúdú kọ́ sára ògiri?»

Ara mi tutù. Mo sáré gbé e kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn wọlé dáadáa, wọ́n bo ojú ọ̀tún. Wọ́n ní dúdú ni. Wọ́n bo ti òsì, wọ́n wá pariwo, «Háà! Aró ni! Aró gidi, bíi ti ìyá mi!» Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń bo èyí ṣí tọ̀hún, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ojú àwọn méjèèjì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá mi máa ń rẹ aró ní Kétu, n ò mọ ìyẹn títí di ọjọ́ náà. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ ìkòkò aró, eérú àti bí ọwọ́ ìyá wọn ṣe máa ń dúdú dé ìgúnpá, títí iná fi tàn.

Ìyeyè gidi, wọ́n ní ó ń ta àwọn lójú. Ọkọ mi náà rí i ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ó ní òun gbà. Èyí tí wọ́n là, wọ́n fi ọwọ́ pa á, wọ́n ní ó dà bí ògiri ilé bàbá àwọn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, wọ́n rí ọwọ́ ara wọn dáadáa lára rẹ̀.

Wọ́n wá ní kí n má ju aró nù. Wọ́n ní kí n fi kun ilẹ̀kùn, kí àwọn lè máa mọ ibi tí àwọn máa gbà jáde.

Ọ̀gá kunlékunlé, ṣé ẹ lè bá mi ṣírò ọ̀dà tó máa tó? Ẹni tó ń bọ̀ wá kùn ún ní kí n ra lítà 20.

Kunlékunlé Àjàrá (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ bá mi kí màmá o. Ẹ ṣé tí ẹ fara balẹ̀ wò ó.

Lítà 20 ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mítà 4, 3, 4 àti 3, jẹ́ 14. Ẹ fi 2.8 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 39 ó lé díẹ̀. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé méjèèjì kúrò, ó ku bíi 34. Lítà kan máa ń tó bíi mítà 10 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan, ó lè dín díẹ̀ tí ògiri bá rí págunpàgun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa kùn ún, ìyẹn 68, nítorí náà bíi lítà 7. Ẹ ra 8. Ògiri yín kò tíì gba ọ̀dà rí, á fa omi, torí náà ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà àkọ́kùn sí i lẹ́ẹ̀kan, bíi lítà 4. Ká ní gbogbo rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kùn ní aró ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ẹ bá fi kùn ún kó tó dọ́gba.

Ẹ ra gbogbo ìyeyè náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ da gbogbo àgbá rẹ̀ pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n pò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í jọra tán, pàápàá èyí tí ọlọ́ọ̀dà fi ojú wọ̀n. «Mat» ni kí ẹ lò fún ògiri, funfun fún àjà. Fún ilẹ̀kùn, aró olóròóró, lítà kan ti tó, férémù rẹ̀ náà. Òórùn ọ̀dà olóròóró máa ń pẹ́. Kí màmá má sùn níbẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru tí òjò kò bá rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ (Ọjọ́ Ajé, 7:25 àárọ̀)

Inú mi dùn púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aró díẹ̀ tó kù kun àyíká ibi tí wọ́n ti ń tan iná, kó tó fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan. Gílóòbù náà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 3000 K sí pọ́n bí iná fìtílà, èyí tí wọ́n kọ 6500 K sí funfun, ó sún mọ́ búlúù. Ẹ gbé méjèèjì wá kí màmá fi ojú ara wọn yàn án. Ẹ fi iná kékeré kan sí ọ̀nà ilé ìtura lóru.

Kí ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ọjọ́ tí dókítà dá fún ojú òsì.

Ìyá Ìbejì Jàsín (Ọjọ́ Ajé, 8:02 àárọ̀)

Àbúrò mi, tí ilẹ̀kùn náà bá gbẹ, ya fọ́tò rẹ̀ wá fún wa. Mo ní aṣọ ojú fèrèsé méjì aláwọ̀ ilẹ̀ tí mi ò lò mọ́, wọ́n nípọn dáadáa, á gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ yẹn dúró. Tí màmá bá fẹ́ ẹ, kí ọmọ kan wá gbé e ní Jàsín.

Ọmọ Wandò (Ọjọ́ Ajé, 8:15 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sí màmá létí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n sì ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ ẹni tó ṣì ń rẹ aró ní Àjàṣẹ́, torí àwọn fẹ́ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.